Ajá ọdẹ

Ajá ọdẹ ni ajá tí ènìyàn ń sìn kí ó lè máa bá a wá ẹran ìgbẹ́, kí ó máa bá a lé e, kí ó máa bá a mú un, tàbí kí ó máa gbé èyí tí ó ti kú wá fún un. Orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà ajá kan pàtó. Orúkọ iṣẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bí "àgbẹ̀" àti "alágbẹ̀dẹ" ti jẹ́ orúkọ iṣẹ́ láàárín ènìyàn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà ajá ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà káàkiri àgbáyé, àwọn mìíràn tí ń ṣe é kò sì ní orúkọ ẹ̀yà kankan nínú ìwé. Ajá tí ó tayọ níbi lílé ehoro lórí pápá gbalasa lè máà wúlò fún ohunkóhun nínú igbó kìjikìji. Èyí tí ó mọ òkété hú nínú ihò lè máà mọ ohun tí yóò fi pẹ́pẹ́yẹ tí ó jábọ́ sínú odò ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ yan ajá ọdẹ ní láti kọ́kọ́ mọ ẹran tí òun ń lé, irú ilẹ̀ tí ẹran náà ń gbé, àti ohun tí òun yóò fi pa á. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yà tó kàn.

Ìpìlẹ̀ṣẹ̀

Ajá ni ẹranko àkọ́kọ́ tí ènìyàn sọ di ẹran ọ̀sìn, ṣáájú ewúrẹ́, màlúù àti adìyẹ. Egungun ajá kan tí wọ́n hú ní Bonn-Oberkassel ní orílẹ̀-èdè Jámánì ní ọdún 1914, níbi tí wọ́n ti sin ín pọ̀ mọ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ti lé ní ọdún 14,000. Ní àkókò yẹn, kò tí ì sí ẹni tí ó ń dá oko; ẹran ìgbẹ́, ẹja àti èso inú igbó ni ènìyàn ń jẹ. A lè sọ nígbà náà pé àárín ọdẹ ni ajá ti bá ènìyàn pàdé, àti pé iṣẹ́ ọ̀nà àti iṣẹ́ ẹran dídà tí a tún mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí wá lẹ́yìn náà.

Imú ni olórí irinṣẹ́ rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbọ́ òórùn nínú imú ajá lé ní mílíọ̀nù 100, nígbà tí ti ènìyàn kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 5 tàbí 6 lọ. Etí rẹ̀ náà ju ti wa: ó ń gbọ́ ìró tí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ tó nǹkan bí 45,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n etí ènìyàn kì í gbọ́ ohun tí ó bá kọjá 20,000. Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ìyàtọ̀ yìí ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún láti ṣe fèrè tí ajá ń gbọ́ ṣùgbọ́n tí ẹni tí ń fọn ọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbọ́.

Irú iṣẹ́ tí ajá ọdẹ ń ṣe

Àwọn ajá kan wà tí ojú ni wọ́n fi ń ṣọdẹ. Ẹsẹ̀ wọn gùn, àyà wọn jìn, ìbàdí wọn sì tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n a rí ẹran lókèèrè, wọ́n a sì fi eré mú un. Greyhound, tí ó lè sáré tó nǹkan bí kìlómítà 70 ní wákàtí kan, wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Saluki ti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn àti Azawakh tí àwọn Tuareg ń sìn ní Mali àti Niger. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí igi rẹ̀ kò pọ̀, ni tiwọn.

Àwọn mìíràn ń fi imú ṣiṣẹ́. Bloodhound àti Beagle jẹ́ àpẹẹrẹ. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kì í yára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti mú ipasẹ̀ ẹran kan, kì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó sì máa ń gbó tàbí kí ó máa hu bí ó ti ń lọ, kí ọdẹ tí ó wà lẹ́yìn lè mọ ibi tí ó dé. Dachshund ti ilẹ̀ Jámánì kúrú ní ẹsẹ̀ nítorí pé inú ihò ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ìbọn ni ó bí ẹgbẹ́ kẹta. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn fún ẹyẹ tí ń fò lójú ọ̀run, wọn kò nílò ajá tí yóò pa ẹyẹ mọ́. Ohun tí wọ́n nílò ni ajá tí yóò fi ibi tí ẹyẹ sá pamọ́ sí hàn wọ́n, àti èyí tí yóò gbé òkú rẹ̀ wá láì fi eyín bà á jẹ́. Pointer máa ń dúró gbagidi, á na imú sí ibi tí ẹyẹ wà, á sì gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè. Spaniel máa ń wọ inú koríko láti lé e fò. Labrador àti Golden Retriever ni tiwọn ni láti gbé e wá. Láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún 1868 ní ilẹ̀ Dudley Marjoribanks ní Scotland ni ìran Golden Retriever ti bẹ̀rẹ̀.

Basenji àti ajá tí kì í gbó

Basenji ti agbègbè odò Kóńgò yẹ fún àlàyé tirẹ̀, nítorí pé ó sún mọ́ ajá ìbílẹ̀ ilẹ̀ wa ju gbogbo àwọn tí a ti dárúkọ lọ, àti nítorí pé kò bá ìpín mẹ́ta òkè yìí mu. Ojú àti imú ni ó ń lò pọ̀. Akọ rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 43, ó sì wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 11. Abo rẹ̀ kéré sí i díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni abo rẹ̀ sábà máa ń wá akọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ ajá mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará Kóńgò ń lò ó láti lé ẹran láti inú igbó wọ inú àwọ̀n tí wọ́n ti ta sílẹ̀.

Wọ́n máa ń pè é ní ajá tí kì í gbó. Èyí kò túmọ̀ sí pé odi ni. Ó lè kùn, ó lè kígbe, ó sì ní ìró kan tí ó dà bí ẹni tí ń fi ọ̀fun kọrin, ṣùgbọ́n gbígbó léraléra kò wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nítorí bí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti rí. Nínú igbó tí ewé ti dí, ajá tí kò gbó a sọnù sí ọdẹ lójú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so agogo onígi mọ́ ọn lọ́rùn: agogo ní ń sọ ibi tí ajá wà, ìró rẹ̀ sì ń lé ẹran sí iwájú.

Àwọn aláwọ̀ funfun kó Basenji lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1895, ṣùgbọ́n àrùn distemper pa àwọn àkọ́kọ́ náà láìpẹ́. Ó di àwọn ọdún 1930 kí ìran rẹ̀ tó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn kékeré yìí wúlò fún ẹni tí ó bá fẹ́ kó ajá láti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn: ara ajá ti mọ àrùn ilẹ̀ rẹ̀, kò mọ ti ilẹ̀ onílẹ̀.

Ajá ọdẹ ní ilẹ̀ Yorùbá

Ajá ìbílẹ̀ tí a ń rí ní abúlé àti ní ìgboro náà ni ọ̀pọ̀ ọdẹ Yorùbá ń tọ́ fún iṣẹ́. Ara rẹ̀ mọ níwọ̀n, irun rẹ̀ kúrú, etí rẹ̀ sábà máa ń dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ sì máa ń ká sókè. Àwọ̀ rẹ̀ lè pupa, ó lè dúdú, ó lè funfun, ó sì lè jẹ́ àdàlù. Kò sí lára àwọn ẹ̀yà tí àjọ àgbáyé FCI kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n àìsí nínú ìwé kò dí i lọ́wọ́ iṣẹ́.

Ọ̀sán ni wọ́n ń lò ó jù. Ọdẹ òru tí ń fi iná wá ojú ẹran kì í sábà mú ajá dání, nítorí pé ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lè lé ẹran sá kí ọdẹ tó rí i. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko bá ti gbẹ, ni ajá máa ń níyì jù: àwọn ọdẹ àti àwọn ọ̀dọ́ á kóra jọ, wọ́n á yí igbó kan ká, ajá á sì wọ inú rẹ̀ láti lé ọ̀yà, ehoro tàbí ẹtu jáde síta. Òkété ní tirẹ̀ ń gbé inú ihò tí ó ní ẹnu púpọ̀. Ajá á gbóòórùn rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ hú ilẹ̀, ènìyàn á sì dúró ti àwọn ẹnu ihò yòókù. Àwọn ọdẹ mìíràn máa ń so ṣaworo mọ́ ajá wọn lọ́rùn, fún ìdí kan náà tí àwọn ará Kóńgò fi ń so agogo onígi.

Ògún ni òrìṣà ọdẹ, ajá sì ni ẹran ìrúbọ rẹ̀. Ẹranko tí ń bá ọdẹ pa ẹran ni ó tún jẹ́ oúnjẹ òrìṣà rẹ̀, èyí tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu.

Ìmọ̀ àwọn ọdẹ nípa ajá wà nínú òwe ju bí ó ti wà nínú ìwé lọ. "Ajá tí ó lẹ́ni lẹ́yìn ní ń pa ọ̀bọ" ń sọ nípa ìgboyà: ajá tí ó gbọ́ ohùn olówó rẹ̀ nítòsí á kojú ẹran tí kò ní kojú bí ó bá dá wà. "Ajá ìwòyí ló mọ ehoro ìwòyí lé" jẹ́ ìkìlọ̀ fún ẹni tí ó bá ń fi òkìkí baba ńlá ajá ra ọmọ rẹ̀. Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù ni "ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ". Nínú òwe, ajá ni ó jẹ̀bi. Lójú ẹni tí ń tọ́ ajá, ọ̀rọ̀ náà yí padà: ajá tí kò gbọ́ fèrè ni ajá tí a kò fi fèrè kọ́ dáadáa kí a tó mú un wọ igbó, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i nísàlẹ̀.

Yíyan ajá

Òbí ọmọ ajá ni a kọ́kọ́ ń wò. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí olùrà bá ìyá tàbí bàbá rẹ̀ lọ sí igbó lẹ́ẹ̀kan kí ó tó san owó. Ìfẹ́ láti lépa, ìgboyà àti ọ̀nà tí ajá ń gbà lo imú rẹ̀ ní àjogúnbá nínú, ẹ̀kọ́ kò sì lè fi èyí tí kò sí síbẹ̀. Ìwádìí tí John Paul Scott àti John Fuller ṣe fún ọdún púpọ̀ ní Bar Harbor ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gbé jáde ní 1965, fi èyí hàn. Ẹ̀yà márùn-ún ni wọ́n tọ́ lábẹ́ ipò kan náà, Basenji àti Cocker Spaniel wà lára wọn, síbẹ̀ ìwà wọn yàtọ̀ gedegbe. Àwọn ọmọ Basenji bẹ̀rù ènìyàn ju àwọn ọmọ Cocker Spaniel lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ṣòro láti fi okùn dá dúró.

Ìwádìí kan náà fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọmọ ajá máa ń mọ ẹni tí òun yóò bá gbé. Èyí tí kò bá rí ènìyàn ní àkókò yẹn lè máa sá fún ènìyàn títí ayé. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni ó dára jù láti gba ọmọ ajá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, kò tí ì kọ́ bí a ti ń fi eyín ṣeré láì ṣe àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ léṣe. Bí ó bá sì pẹ́ jù lọ́dọ̀ ẹni tí kì í fọwọ́ kàn án, àkókò tí ó ṣe pàtàkì jù yóò ti lọ.

Láàárín àwọn ọmọ inú ìdí kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mú èyí tí ó tóbi jù tàbí èyí tí ó sáré wá bá wọn. Ó sàn kí a jókòó tì wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Jẹ́ kí ìkòkò kan dún lójijì: gbogbo wọn lè ta gìrì, ṣùgbọ́n èyí tí ó padà wá wo ohun tí ó dún ni ó yẹ kí a fi ojú sí. Fa awọ ẹran gbígbẹ kọjá níwájú wọn, kí a wo èyí tí ó fi imú tẹ̀lé e lẹ́yìn tí kò rí i mọ́. Àyẹ̀wò báyìí kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, nítorí ọmọ ajá ń yí padà bí ó ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n ó sàn ju fífi àwọ̀ yàn lọ. Kí a wo ojú rẹ̀ bóyá ó mọ́ kedere, eyín rẹ̀ bóyá ó pàdé, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó nípọn, àti ìmí rẹ̀ bóyá ó ń lọ geere. Ajá onímú pẹlẹbẹ kì í ṣe ajá ọdẹ ní ilẹ̀ olóoru. Kì í lè mí dáadáa nígbà tí oòrùn bá mú.

Ìbéèrè tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni bóyá kí a ra ajá òkèèrè tàbí ti ìbílẹ̀. Ajá òkèèrè tí a tọ́ fún ẹyẹ yíyìn lè dára lórí ọ̀dàn, níbi tí àparò àti awó wà. Ṣùgbọ́n ní igbó ìhà gúúsù, eégbọn pọ̀, eégbọn sì ní ń gbé àrùn babesia wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá. Ìwádìí lórí àbùdá ajogúnbá ajá ìbílẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n gbé jáde ní 2018 rí àmì pé ìgbésí ayé àárín àwọn kòkòrò ilẹ̀ olóoru ti yí apá kan lára àbùdá tí ń dáàbò bo ara wọn padà. Èyí kò sọ pé ajá ìbílẹ̀ kì í ṣàìsàn. Ó kàn ń sọ pé ẹni tí ó ra ajá olówó ńlá láti ilẹ̀ òtútù ń ra ohun tí yóò máa ná owó lé lórí. Orúkọ ẹ̀yà pàápàá lè tan ni jẹ: nínú ìwádìí tí Adam Boyko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2009, Rhodesian Ridgeback àti Pharaoh Hound, tí orúkọ àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí Áfíríkà, sún mọ́ ajá òkèèrè ju ajá ìbílẹ̀ Áfíríkà lọ.

Títọ́ ajá

Yorùbá a máa sọ pé a tọ́ ajá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé a tọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀-ìṣe náà sì bá iṣẹ́ yìí mu ju "kọ́" lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìgbé ayé pọ̀.

Orúkọ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ajá ní ilẹ̀ Yorùbá lè jẹ́ odindi gbólóhùn tí a fi ń dáhùn ọ̀tá láì dárúkọ rẹ̀. Bí ajá bá ń jẹ́ Ẹ̀yìnlàárò, kí ó ní ìkékúrú tí a ó máa fi pè é nínú igbó. Àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ náà kò gbọdọ̀ jọra. Ní èdè olóhùn bí tiwa, ohùn nìkan kò tó láti fi ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ fún ajá, nítorí pé bí inú bá ń bí ọdẹ tàbí bí ó bá ń pariwo, ohùn rẹ̀ á gbé gbogbo rẹ̀ lọ sókè. Ó sàn kí kọ́ńsónáǹtì wọn àti gígùn wọn yàtọ̀: "wá", "jókòó", "fi sílẹ̀".

Fèrè ni ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù, ó sì yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ gan-an. Fọn fèrè, kí o sì gbé oúnjẹ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣe é ní gbogbo ìgbà oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, fọn ọ́n láti yàrá mìíràn, láti ẹ̀yìnkùlé, láti ibi tí ajá kò ti rí ọ. Nígbà tí ó bá ń sáré wá láì ṣiyèméjì, so okùn gígùn tí ó tó mítà 10 mọ́ ọn, kí o sì mú un lọ sí ibi tí adìyẹ, ewúrẹ́ àti àwọn ọmọdé tí ń ṣeré wà. Bí ó bá kọ̀ láti wá, okùn wà níbẹ̀ láti rọra fà á, kì í ṣe láti já a lọ́rùn. Bí ó bá dé, fún un ní ẹran díẹ̀. Èrè náà gbọ́dọ̀ dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ajá kò ní mọ ohun tí a ń yìn ín fún.

Àṣìṣe kan wà tí ó ń ba gbogbo èyí jẹ́. Ajá sá lọ, olówó rẹ̀ pè é fún wákàtí kan, ajá padà dé, olówó rẹ̀ nà án. Lójú olówó ajá, sísá lọ ni ó nà án fún. Lójú ajá, wíwá ni. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀meji tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta bẹ́ẹ̀, fèrè ti di ìró pàṣán, ajá náà á sì dúró lókèèrè máa wo ẹni tí ń fọn ọ́n. Bí ọ̀pọ̀ ajá ọdẹ ti ń sọnù nìyẹn.

Láti oṣù kẹta sí ìkẹfà, a lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ipasẹ̀. A ó so awọ ọ̀yà tàbí ti ehoro mọ́ okùn, a ó wọ́ ọ lórí koríko fún nǹkan bí mítà 20, a ó sì fi oúnjẹ sí òpin rẹ̀. Òwúrọ̀ kùtù ni ó dára jù, nígbà tí ìrì ṣì wà tí òórùn sì ń pẹ́ nílẹ̀. Ní àkọ́kọ́, kí ipasẹ̀ náà lọ tààrà. Lẹ́yìn náà kí ó yà, kí ó gùn sí i, kí ó sì wà nílẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí ajá tó dé ibẹ̀. Bí ajá bá sọ ipasẹ̀ nù, ohun tí ó nira jù fún olùkọ́ ni láti dákẹ́. Ajá gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń yí ká wá a fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ tọ́ka sí i ní gbogbo ìgbà ń kọ́ ajá láti máa wo ọwọ́ dípò ilẹ̀.

Ẹran ilé jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Ajá tí ó bá pa ewúrẹ́ aládùúgbò lẹ́ẹ̀kan ti kó olówó rẹ̀ sí gbèsè, ó sì lè pàdánù ẹ̀mí rẹ̀. Kí ọmọ ajá dàgbà láàárín ewúrẹ́ àti adìyẹ, pẹ̀lú okùn lọ́rùn, kí a sì máa fún un ní èrè nígbàkigbà tí ó bá gbé ojú kúrò lára wọn.

Nǹkan bí oṣù kẹjọ, ó lè tẹ̀lé àgbà ajá kan wọ igbó. Àgbà kan tó. Bí ajá bá pọ̀ jù, ọmọ á kàn máa sáré tẹ̀lé ariwo. Eré àsápajúdé kò dára fún un kí ó tó pé ọdún kan, nítorí pé egungun rẹ̀ kò tí ì le tán.

Ìbẹ̀rù ìbọn

Ajá tí ń bẹ̀rù ìbọn kò wúlò fún ọdẹ oníbọn, ó sì ṣòro púpọ̀ láti wò ó sàn. Apá kan nínú ìbẹ̀rù yìí lè jẹ́ àjogúnbá, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó máa ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọdẹ á mú ajá tí kò gbọ́ ìbọn rí lọ sí igbó, á yin ṣakabùlà sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ "kí ó lè mọ́ ọn lára". Ìró ṣakabùlà tóbi, iná àti èéfín ń jáde lára rẹ̀, etí ajá sì mú ju ti ọdẹ lọ. Ajá náà á sá wálé, kò sì ní padà sẹ́yìn ìbọn mọ́.

Ọ̀nà tí ó tọ́ kò yá. Bí ọmọ ajá bá ń jẹun, kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ ní ìta, tàbí kí ó lu páànù díẹ̀. Bí ó bá gbé orí sókè tí ó sì tún ń jẹun lọ, ó dára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a yin ìbọn kékeré ní ibi tí ó jìnnà ju mítà 100 lọ, nígbà tí ajá bá ń ṣeré tàbí tí ó ń tẹ̀lé ipasẹ̀. Kí a máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yàtọ̀ síra. Bí ó bá ki ìrù bọ àárín itan, bí ó bá fi etí lélẹ̀, tàbí bí ó bá kọ oúnjẹ, a ti yára jù. Kí a padà sí ibi tí ó jìnnà tí kò bà á lẹ́rù. Ọdẹ kò sì gbọdọ̀ yìnbọn kọjá lórí ajá, àgbà tàbí ọmọ, nítorí pé ìró ìbọn lè ba etí rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ajá tí etí rẹ̀ ti bàjẹ́ kò ní gbọ́ fèrè.

Àrùn

Dìgbòlugi ni ó burú jù nínú àrùn tí ajá lè kó ran ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni ó ń pa lọ́dún, pàápàá ní Áfíríkà àti Éṣíà, ajá ni ó sì ń kó o ran nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ajá ọdẹ wà nínú ewu ju ajá ilé lọ, nítorí pé ó ń bá ẹran ìgbẹ́ jà, ó sì ń bá ajá ọdẹ mìíràn pàdé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un. A máa ń fún ọmọ ajá ní àkọ́kọ́ bí ó bá pé oṣù mẹ́ta, a ó sì máa tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí dókítà ẹran bá ti sọ.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Kí a má ṣe dúró wo bóyá ara yóò yá. Láti ìgbà tí Louis Pasteur ti kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ àjẹsára yìí fún ọmọdékùnrin kan ní 1885, a ti mọ̀ pé ó lè dènà àrùn náà bí ó bá tètè dé. Ṣùgbọ́n bí àmì àrùn bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí ní gbogbo ìgbà. Ọmọ ajá tún nílò abẹ́rẹ́ fún distemper àti parvo. Lẹ́yìn gbogbo ìrìn ìgbẹ́, kí a wá eégbọn sí etí rẹ̀, abẹ́ apá rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka rẹ̀, kí a sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò fún ẹ̀gún.

Òfin

Òfin tí ó de fífi ajá ṣọdẹ yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ní England àti Wales, òfin ọdún 2004, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì 2005, fòfin de ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ajá lé ẹran bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1985 lórí àwọn ẹranko tí ìran wọn fẹ́ parun dáàbò bo ọ̀pọ̀ ẹranko, ọdẹ ṣíṣe sì jẹ́ èèwọ̀ nínú àwọn ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, èyí tí ó wà ní Ọ̀yọ́ Ilé pẹ̀lú. Akika wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES fẹnu kò láti fòfin de títa gbogbo irú rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Bí akika bá rí ewu, kì í sá; ńṣe ni ó máa ń ká jọ bí òṣùká, èyí sì mú kí ó rọrùn fún ajá láti rí i. Ajá kò mọ ẹran tí òfin dáàbò bò yàtọ̀ sí èyí tí kò dáàbò bò, nítorí náà "fi sílẹ̀" gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣẹ tí ajá ń gbọ́ kódà nígbà tí ẹran ti wà lẹ́nu rẹ̀. A máa ń fi kọ́ ọ nílé, pẹ̀lú egungun tí a fi ẹran tí ó dára jù ú lọ pààrọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, títí yóò fi máa já ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó bá kàn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.